Àbúdù Olóbì àti Iṣẹ́ Tí Ṣọ́jà Jẹ́ Fún Un

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Gáréèjì Ìbàdàn ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ẹ ń rìn bọ̀ wá sí ìgboro, òórùn ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín pé ẹ ti dé ìsọ̀ Àbúdù Ògúndèyí. Òórùn gbàǹja tútù tí wọ́n fi ewé bò. Àbúdù máa ń ra obì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ àti Odogbolu, á ṣà á, á dì í sínú agbọ̀n, á sì kó o ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Máídúgùrí. Ó gbé ọ̀hún pẹ́ nígbà èwe rẹ̀, ó sì ń sọ Haúsá bí ẹni pé òun ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ lọ́mọdé. Mùsùlùmí ni, ó sì ti ṣe wólímọ̀ rí ṣáájú kó tó kọ́lé. Àwọn kan máa ń ní kí ó yọ Ògún kúrò nínú orúkọ rẹ̀. Á ní, "Orúkọ bàbá bàbá mi ni. Bí mo bá yọ ọ́, ta ni ẹ fẹ́ sọ pé ó bí mi?"

Ṣùgbọ́n kì í ṣe obì ló sọ Àbúdù di ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Ìròyìn ni.

Rédíò kan wà lórí pákó lókè àwọn agbọ̀n rẹ̀, ó ga, ó wúwo, wáyà irin rẹ̀ sì gba ojú fèrèsé jáde lọ sórí igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé. Bí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀, àwa èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Àbúdù á yí bọ́tìnnì: Ìbàdàn, Èkó, Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ibùdó Haúsá tí ohùn rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ bí ìgbì omi. Ẹ gbà mí gbọ́, nígbà àkọ́kọ́ tí mo jókòó síbẹ̀, n kò lè sùn! Pé èèyàn wà lórí àga ní Ìjẹ̀bú-Òde, kó máa gbọ́ ohun tí wọ́n jà lé lórí lówùúrọ̀ ní ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní tẹ̀ láéláé! Mo rò pé kò sí ohun tó tún kù láyé.

Àbúdù kì í yọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń pariwo, á na ọwọ́ sínú agbọ̀n, á mú obì kan jáde.

"Obì yìí ńkọ́? Ṣé ó dára?"

"Ó dára, bàbá. Ó tóbi. Ó ń dán."

Á yí i padà. Nídìí rẹ̀ lọ́hùn-ún, ihò kan tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Á là á. Kòkòrò á máa rìn nínú ẹ̀.

"Ìròyìn tó bá dán jù," á ní, "ẹ yí ìdí ẹ̀ wò."

Ọ̀nà tó ń gbà yí i wò kò le rárá. Á bi ẹni tó mú un wá pé, "Ojú ẹ lo fi rí i ni, àbí etí?" Bó bá jẹ́ etí ni, á ní kó lọ mú ẹni tó fojú rí i wá. Bó bá jẹ́ ojú ni, á bi í ìgbà tó kúrò níbẹ̀, torí ó ní ìròyìn ogun dà bí ẹran, kì í pẹ́ rà. Ó tún ní ìjọba èyíkéyìí tó bá wà lójú ogun, òkú ọ̀tá ni wọ́n ń yára kà, tiwọn ni wọ́n máa ń gbàgbé. Nítorí náà bí rédíò wa bá ní àwa borí, ẹ tẹ́tí sí tòkèèrè. Bí tòkèèrè náà bá sì sọ ọ́, ẹ wo ẹni tí wọ́n ní ó sọ fún wọn. Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ yìí sórí tán, mò ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́.

Ọdún 1983 ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ṣọ́jà wa àti àwọn ṣọ́jà Ṣáàdì, ní àwọn erékùṣù kan lórí adágún tó wà lẹ́nu ààlà. Ibi tó jìnnà! Síbẹ̀ Máídúgùrí ni obì Àbúdù ń lọ, òkè ọ̀hún sì ni ẹ̀wà àti àlùbọ́sà wa ti ń bọ̀. Ìlú kò fara rọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Simeon onígbàjámọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ìsọ̀ Àbúdù, sáré wọlé pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́. Ó fi orí oníbàárà kan sílẹ̀ ní ìdajì.

"Ẹ gbọ́! Àwọn ará Ṣáàdì ti wọ Máídúgùrí! Wọ́n ti gba ọjà! Ní ọjà Òkè-Àjé wa níbí báyìí, àwọn obìnrin ti ń ja àlùbọ́sà gbà lọ́wọ́ ara wọn!"

"Ta ló rí wọn?" ni Àbúdù bi í.

"Dírẹ́bà kan."

"Níbo ló wà?"

"Ó ti lọ sí Èkó."

"Ìgbà wo ló kúrò ní Máídúgùrí?"

Simeon ha orí. "Kò... kò dé Máídúgùrí. Jọ́ọ̀sì ló ti gbọ́."

"Lọ́wọ́ ta?"

"Lọ́wọ́ ẹni tó ń ta epo fún un."

Ẹ̀rín pa wá. Àbúdù ní, "Simeon, padà lọ fá orí ọkùnrin yẹn parí. Irun ni wọ́n ní kí o máa gé, wọn kò ní kí o máa dá irun lé ìròyìn lórí."

Kò pẹ́ tí Mobọ́lájí, dírẹ́bà tó ń kó obì Àbúdù lọ sókè, fi dé. Máídúgùrí wà ní ìdúró rẹ̀. Ó ní òun jẹ túwó níbẹ̀, òun tún sùn, ẹ̀fọn nìkan ló bá òun jà. Ni orúkọ Àbúdù bá gòkè. Àwọn obìnrin Òkè-Àjé tó gbọ́ tirẹ̀ tí wọn kò ra àlùbọ́sà ọ̀wọ́n wá dúpẹ́. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Bàbá Òótọ́. Ó ní kí wọ́n yé pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò kúrò létè rẹ̀, mo rí i. Ó ra fìlà tuntun.

Ẹni kan wà tí kì í jókòó pẹ̀lú wa. Mùínátù ni, opó tó ń ta abọ́ onítánganran ní Òkè-Àjé, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ìsọ̀ yẹn. Kàmọ́rù ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn ṣọ́jà tó wà lọ́hùn-ún. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró, á fi ọwọ́ kan di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Bọ̀ọ̀dá Àbúdù, kí ni wọ́n wí lónìí?"

"Wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, Mùínátù. Iye ni wọ́n ń kà."

"Ṣé iye náà pọ̀?"

"Òkú tiwọn ni wọ́n ń kà fún wa. Tiwa, wọn kò tíì sọ."

Á dúpẹ́, á sì máa lọ. Bọ́jọ́ bá ti ń lọ ni ó ń rù sí i.

Mo ní láti sọ ohun kan níbí, torí òun gan-an ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ìkókó nìkan ni kò mọ̀ ọ́n nílẹ̀ wa. A kì í fi ikú ọmọ lu ìyá lójú. Bí ọmọ bá kú lẹ́yìn odi, ẹni tí wọ́n rán wá kì í sọ pé ó kú. Á ní ara rẹ̀ kò yá, ẹ tètè máa bọ̀. Àgbàlagbà ni yóò gba ọ̀rọ̀ náà, yóò bó èèpo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Fátókí, àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ tó ń kó obì wá fún Àbúdù, ní nígbà tí àbúrò òun já bọ́ lórí ọ̀pẹ, wọ́n wá sọ fún òun pé ẹsẹ̀ ló fi rọ́. Kí òun tó débẹ̀, wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ tán. A ti gbọ́ irú rẹ̀ débi pé etí wa ti mọ bí a ṣe ń túmọ̀ ẹ̀. Bí wọ́n bá ní orí ń fọ́ ọ, àìsàn ńlá ni. Bí wọ́n bá ní àìsàn ni, kí ẹ wá, ẹ yáa mú aṣọ funfun dání.

Ṣọ́jà náà dé ní ọ̀sán. Gárùbà ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Yola. Ó gba ìsinmi, Èkó ló ń lọ, ọkọ̀ tó wọ̀ sì ń dúró dè é ní gáréèjì. Kò gbọ́ Yorùbá kan. Kàmọ́rù ló sọ fún un pé kó béèrè olóbì tó gbọ́ Haúsá. Àbúdù ní kí wọ́n lọ pe Mùínátù. Òun àti Kúbúrátù ọmọbìnrin rẹ̀ dé, Fátókí wà níbẹ̀, Simeon wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀.

Gárùbà sọ̀rọ̀, Àbúdù ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní kọ̀ọ̀kan. "Ó ní ìbọn bá Kàmọ́rù lẹ́sẹ̀. Ó ní ó wà ní ọsibítù ní Máídúgùrí. Ó ní Kàmọ́rù ní kí ìyá òun wá, kó má pẹ́."

Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè bí ìṣe rẹ̀, inú mi sì ń dùn bó ti ń ṣe é, Ọlọ́run dárí jì mí.

"O fojú ara rẹ rí i?"

"Mo rí i. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni mo jókòó sí."

"Ìgbà wo?"

"Àárọ̀ ọjọ́ tí mo wọkọ̀ ń bọ̀. Inú ọkọ̀ nìkan ni mo ti ń sùn láti ìgbà náà."

"Ó sọ̀rọ̀?"

Gárùbà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó sọ̀rọ̀ jù. Ó ní ìrẹsì ọsibítù yẹn kò dùn, pé bí ìyá òun bá ń bọ̀, kó gbé ata lílọ̀ dání."

Mùínátù ní kí Kúbúrátù bu oúnjẹ fún àlejò. Ọkùnrin náà ní rárá, ọkọ̀ òun ń dúró. Kò mu omi. Kò wo ojú ìyá náà pẹ́. Ó dìde, ó kí wọn, ó sì sáré padà sí gáréèjì.

Bó ti jáde, Fátókí fa Àbúdù sẹ́yìn agbọ̀n. Ohùn rẹ̀ kò kéré tó bó ṣe rò.

"Àbúdù, o rí i pé kò jẹun?"

"Mo rí i."

"Ẹni tó gbé irú iṣẹ́ yẹn dání kì í jẹun nílé olóòókú. Ó ní kó tètè wá. Tètè wá kí ló dé, bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ lásán?"

Ìgbà náà ni Mobọ́lájí ya ọkọ̀ rẹ̀ síwájú ìsọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè dé ni, eruku bo ojú rẹ̀. Wọ́n bi í bóyá ó gbọ́ nǹkan. Ó ní, "Háà, bàbá. Wọ́n ní gbogbo àwọn tó wà ní erékùṣù yẹn ló lọ. Kò ku ẹnì kan."

Lọ́jọ́ mìíràn, Àbúdù ì bá ti bi í: ojú ẹ ni àbí etí? Mo dúró kí ó bi í. Kò bi í. Ó kàn gbé ọwọ́ sẹ́nu.

Èrò mi ni pé ohun tó ṣe é nìyí: gbogbo ìbéèrè rẹ̀, Gárùbà dáhùn wọn dáadáa, ìdáhùn náà sì dára jù. Ó dán. Ó wá rò pé òun rí ihò ojú abẹ́rẹ́ náà. Ta ló ń ránṣẹ́ ata nígbà tí ìbọn bá a? Wọ́n fi ata dẹ ọ̀rọ̀ fún ìyá ni! Kò rántí pé ọmọ Yola kò mọ bí a ṣe ń dẹ ọ̀rọ̀ nílẹ̀ wa. Àṣà wa ló fi wọ ẹni tí kì í ṣe ara wa.

Mùínátù wá síwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ mọ ìròyìn yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ yìí, kí ló jẹ́?"

Gbogbo wa ń wò ó. Fìlà tuntun wà lórí rẹ̀. Ó ṣí i, ó gbé e sórí agbọ̀n.

"Mùínátù," ó ní, "fara balẹ̀."

Ẹ kò nílò kí n sọ fún yín bí obìnrin náà ṣe ké.

Kúbúrátù nìkan ni kò sunkún. Ó dúró síwájú Àbúdù. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ túmọ̀ ẹ̀ fún wa. Ó ní ìrẹsì kò dùn. Ṣé òkú ń bú ìrẹsì ni?"

"Ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́."

"Ta ni wọ́n? Ọkùnrin yẹn kì í ṣe ará ibí! Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó. Mobọ́lájí á padà lọ, kí n bá a lọ."

Mobọ́lájí wo Àbúdù. Àwọn tó kù náà wò ó. Bó bá ní kó lọ, yóò lọ. Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

"Ọmọdébìnrin kì í lọ wá òkú kiri lẹ́bàá ogun," ni Àbúdù wí. "Ìyá ẹ pẹ̀lú kò gbọdọ̀ lọ. Abiyamọ kì í wo ibojì ọmọ. Ẹ jẹ́ ká ṣe àdúrà fún un."

Wọ́n ṣe fìdáù. Ìmáàmù wá, àwọn ààfáà wá, wọ́n pín mọ́sà. Wọ́n kó ẹrù Kàmọ́rù jáde, wọ́n fi ṣe sàárà. Simeon gba bàtà rẹ̀ kan, aláwọ̀ pupa rúsúrúsú, ó bá a lẹ́sẹ̀ mu. Àwa tí a wà níbẹ̀ jẹ mọ́sà náà. Èmi náà jẹ ẹ́. Ní gbogbo ìgbà yẹn Àbúdù ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà bí ọkùnrin, òun ló san owó ààfáà, òun ló ní kí Mùínátù má lọ ọjà. Gbogbo ènìyàn ń yìn ín. Wọ́n ní, "Bí kì í bá ṣe Àbúdù, obìnrin yìí ì bá máa retí asán."

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa lọ́dún náà nígbà tí Kàmọ́rù sọ̀ kalẹ̀ ní Gáréèjì Ìbàdàn.

Ọ̀pá méjì ló fi ń rìn. Ṣòkòtò rẹ̀, wọ́n ká apá kan sókè, wọ́n fi pín-ìnnì dè é lókè orúnkún. Àwọn obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì rí i, wọ́n sá, wọ́n fi igbá sílẹ̀. Ẹnì kan pariwo "Àkúdàáyà!" Kàmọ́rù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ pẹ̀lú òun ni, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún ṣọ́jà tó bá dé. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìsọ̀ Àbúdù ló kọ́kọ́ dé, òun ló wà lójú ọ̀nà. Àbúdù ń ṣa obì. Ó gbé ojú sókè, obì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n yí gbirigbiri lọ sábẹ́ bẹ́ńṣì.

"Ẹ káàsán, bàbá," ni Kàmọ́rù wí.

Àbúdù di etí agbọ̀n mú, ó dìde.

"Gárùbà kò dé ibí ni?"

"Ó dé."

"Kò jíṣẹ́?"

"Ó jíṣẹ́."

"Kí ló sọ?"

Àbúdù sọ ọ́ fún un, gbogbo rẹ̀, bí Gárùbà ti wí i. Ẹsẹ̀. Ọsibítù. Kí ìyá rẹ̀ wá. Ata lílọ̀. Kò gbàgbé ẹyọ kan. Ìyẹn ló burú jù lójú mi, pé kò gbàgbé ẹyọ kan.

Kàmọ́rù fi ara ti férémù ilẹ̀kùn. "Ó jíṣẹ́ yẹn dáadáa, nígbà náà."

"Ó jẹ́ ẹ dáadáa."

"Kí ló wá dé tí ẹ kò wá?"

Simeon ti sọdá títì wá láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ fà sẹ́yìn, Kàmọ́rù ti rí i. Ó wo bàtà náà, ó tún wo Simeon.

"Bọ̀ọ̀dá Simeon, ẹ wọ̀ ọ́ lọ. Ẹyọ kan ló kù tí mo lè lò nínú ẹ̀."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Simeon bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ méjèèjì, ó tò wọ́n sílẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó sì rìn padà sọdá nínú ẹrẹ̀ láìwọ bàtà.

Nígbà náà ni Kàmọ́rù sọ bó ti rí. Àwọn dókítà ní kí àwọn gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n dúró kí ìyá òun dé. Ó ní kò tọ́ kí òun gé ohun tí obìnrin náà bí láìjẹ́ pé ó gbọ́. Wọ́n ń dúró. Àwọn ẹbí àwọn tó kù ń wá, ti ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì tilẹ̀ wá láti Kalabá. Bí ilẹ̀kùn bá ti dún, á yí ojú síbẹ̀. Nígbà tí ibà mú un tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́, wọn kò bi í mọ́. Wọ́n gé e, ṣùgbọ́n ẹ̀gbò náà ti gòkè kọjá orúnkún.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n dúró," ó ní. "Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Mo rò pé ẹ ń bọ̀."

Àbúdù tẹ̀ lé e dé ilé Mùínátù. N kò mọ ìdí tó fi tẹ̀ lé e. Bóyá kò mọ ibòmíràn tó lè lọ. Mùínátù jáde. Ó fọwọ́ kan ojú ọmọ náà, ó fọwọ́ kan etí rẹ̀, ó fọwọ́ kan ibi tí wọ́n fi pín-ìnnì dè, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójúde. Kúbúrátù di arákùnrin rẹ̀ mú, ó ń na ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni ń na ọmọ tó sọnù. Àbúdù dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ rẹ̀.

Mùínátù wò ó. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀ọ̀dá." Ó dìde, ó mú àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Ohun tí Àbúdù ṣe lẹ́yìn náà kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é. Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ó dìde ní mọ́ṣáláṣí, ó ní òun ní ọ̀rọ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ síta. Ó ní ẹni tó fojú rí i sọ fún òun tààrà, òun sì tẹ ọ̀rọ̀ náà títí tó fi di òkú. Ó ní Kúbúrátù fẹ́ lọ wò, òun ni òun dá a dúró. Ojú rẹ̀ ń wo ẹní. Ojú wa náà ń wo ẹní, torí ta ni nínú wa tó sọ pé kí ọmọ yẹn lọ?

Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í tù ú.

"Àyànmọ́ ni, Àbúdù. Ohun tí Ọlọ́run kọ kò ṣeé pa rẹ́."

"Kò sẹ́ni tí kò lè ṣì í gbọ́. Àwa náà gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

"Ó ti dé láàyè, ẹ jẹ́ ká máa dúpẹ́. Ẹsẹ̀ kì í ṣe ẹ̀mí."

"O ṣe é pẹ̀lú ọkàn rere."

Ó ń mi orí, ó ń ní, "Ẹ má dẹ̀ ẹ́ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dẹ̀ ẹ́ fún mi." Ṣùgbọ́n wọn kò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà sọ ọ́. Ẹnu wọn ti mọ́ ọn. Bí wọ́n bá fẹ́ bú u pàápàá, oyin ni yóò jáde. Ìmáàmù ṣe àdúrà fún un, gbogbo wa ṣe àmín, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tí mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó dà bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé lórí, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ fún un bó ti wúwo tó.

Kàmọ́rù kò wọlé pẹ̀lú wa. Kò tíì mọ bó ṣe lè fi ẹsẹ̀ kan forí balẹ̀, ojú sì ń tì í láti kọ́ ọ níwájú èèyàn. Abẹ́ òrùlé lẹ́nu ọ̀nà ló ti kírun lórí ìjókòó. Nígbà tí àwọn èèyàn ti ń lọ, Àbúdù wá síwájú rẹ̀, ó dúró bí ọmọ tó dúró de ìdájọ́. Èmi ń wá bàtà mi láàárín ti àwọn tó kù, mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

"Kàmọ́rù, o gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nínú ilé?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ìwọ ńkọ́? Kí ni o sọ?"

Ọmọ náà ń fi ìdí ọ̀pá rẹ̀ ha ilẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ṣe é. Gárùbà sọ òótọ́ fún yín, ẹ sì mọ̀ pé ó fojú rí mi. Orúkọ tí wọ́n ń pè yín ló jẹ́ kí wọ́n gbà yín gbọ́ ju òun lọ. Bí Kúbúrátù bá wá, orúnkún mi ì bá wà."

Àbúdù di ògiri mú. Mo retí kó sunkún, tàbí kó ní kí ọmọ náà má sọ mọ́.

"Tún un sọ," ó ní.

Kàmọ́rù wò ó, ó sì tún un sọ.